Ìrètí Rere Kì Í Ṣe Ẹ̀tàn

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, àwa olùkọ́ ilé kéwú máa ń gbọ́ ìbéèrè yìí: ẹni tó ń retí rere nínú ìṣòro, ṣé kì í ṣe pé ó ń tan ara rẹ̀ jẹ? Ẹ jẹ́ kí á wo Hudaybiyah.

Ní ọdún 628, nǹkan bí 1,400 Mùsùlùmí gbéra ní Mọ̀dínà láti lọ ṣe Úmúrà. Àwọn Quraysh dí wọn lọ́nà, àdéhùn sì wáyé pé kí wọ́n padà, kí wọ́n tún wá lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ó dun àwọn Sàhábé wọra. Nígbà tí Ànábì (ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá a) ní kí wọ́n pa ẹran, kí wọ́n sì fá orí, kò sẹ́ni tó dìde. Umm Salama, ìyàwó rẹ̀, gbà á nímọ̀ràn pé kó jáde, kó kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn sì tẹ̀ lé e. Ní ọdún 630, wọ́n wọ Mọ́kà.

Ẹ kíyè sí i: kò sẹ́ni tó ní kò dùn wọ́n. Iṣẹ́ tó kàn ni wọ́n ṣe. Ẹ̀tàn ni kí á sọ pé ọgbẹ́ kò sí. Ìrètí ni kí á wẹ ọgbẹ́, kí á sì dìde.

Bí ìdánwò kò bá bọ́ sí i, tàbí tí iṣẹ́ kò tíì dé, kí á bi ara wa pé: kí ló kàn lónìí? Ìrètí tí kò mú ọwọ́ ṣiṣẹ́, àlá lásán ni.

Kí Ọlọ́hun dẹ̀ ẹ́ lọ́rùn fún wa. Àmín.