Ilẹ̀ àti Ẹlẹ́rìí Rẹ̀

Ìbéèrè kan wà tí ìmọ̀ ètò ọrọ̀-ajé iṣẹ́ àgbẹ̀, èyíinì ni ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí ó ń wádìí bí àgbẹ̀ ṣe ń pín ilẹ̀, agbára àti owó rẹ̀ sí iṣẹ́ oko àti èrè tí ó ń rí níbẹ̀, kì í sábà bi ara rẹ̀ ní gbangba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ìdáhùn rẹ̀ ni gbogbo ìṣirò ẹ̀ka náà dúró lé: ẹ̀rí ta ni ó tó gbà nípa ilẹ̀? Láti ọjọ́ pípẹ́ ni ó ti jẹ́ pé ẹnu àgbẹ̀ ni olùwádìí ti ń gba ẹ̀rí. Yóò béèrè bí oko ṣe tóbi tó, iye ìkórè, iye ọjọ́ tí wọ́n fi ro oko, yóò sì kọ ohun tí ó bá gbọ́ sílẹ̀. Ní ìsinsìnyí, irinṣẹ́ kan ti dé tí ó lè gbọ́ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ilẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni léèrè, ìyẹn okùn gíláàsì tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Bí ilẹ̀ bá ti lè jẹ́rìí fúnra rẹ̀, kí ni ó kù tí ẹ̀rí àgbẹ̀ wà fún?

Paouignan jẹ́ ibi tí ó yẹ kí ìbéèrè yìí ti wáyé. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹkùn mẹ́wàá tí ó para pọ̀ di Dassa-Zoumè, ní ẹ̀ka ilẹ̀ Benin tí wọ́n ń pè ní Collines nítorí àwọn òkè rẹ̀, ní ẹ̀bá ọ̀nà ńlá tí ó ti Kútọnu lọ sí Parakou, ní agbègbè tí àwọn Ìdáàṣà, tí èdè wọn jẹ́ ẹ̀ka Yorùbá, àti àwọn Máhì ti ń bá ara wọn gbé. Àpáta ògbólógbòó ni ó wà lábẹ́ ilẹ̀ náà. Níbi púpọ̀, iyẹ̀pẹ̀ kò jìn kí ọkọ́ tó kan òkúta, inú pàlàpálá àpáta sì ni omi ń sá pamọ́ sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òjò ibẹ̀ ń sún mọ́ 1,100 mìlímítà lọ́dún, ṣùgbọ́n àárín ìhà gúúsù tí ó ní ìgbà òjò méjì àti ìhà àríwá tí ó ní ẹyọ kan ni ó bọ́ sí, nítorí náà àgbẹ̀ kò lè fi ọkàn tán kàlẹ́ńdà. Iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ẹ̀pà àti kajú ni wọ́n ń gbìn.

Ẹ̀gẹ́ nìkan ti tó láti fi ìṣòro olùwádìí hàn. Obìnrin tí ó ní oko ẹ̀gẹ́ kì í kórè rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Yóò fa gbòǹgbò díẹ̀ lónìí, yóò bó o, yóò rin ín, yóò dì í sínú àpò, yóò gbé òkúta lé e títí omi rẹ̀ yóò fi ro tán, yóò jọ̀ ọ́, yóò sì yan án ní gàrí nínú agbada. Ìyókù yóò wà nínú ilẹ̀ títí owó ilé-ìwé ọmọ yóò fi pé tàbí títí ọjà yóò fi wọ́n. Inú ilẹ̀ gan-an ni àpótí owó rẹ̀. Nígbà tí olùwádìí bá wá bi í pé kílò mélòó ni ó kórè lọ́dún tó kọjá, ohun tí kò wọ̀n rí, tí kò sì nídìí láti wọ̀n, ni wọ́n ń béèrè. Ó dáhùn nítorí pé kò yẹ kí àlejò padà lọ́wọ́ òfo, ìdáhùn ìteríba yẹn sì ni yóò wọ inú tábìlì ìṣirò, tí yóò di òtítọ́ níwájú àwọn tí wọn kò dé oko náà rí.

Kì í ṣe èrò lásán ni pé irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ lè ṣi ìmọ̀ lọ́nà. Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn lórí bóyá lóòótọ́ ni oko kékeré ń so ju oko ńlá lọ ní ìwọ̀n hẹ́kítà sí hẹ́kítà. Nínú ìwádìí tí Carletto, Savastano àti Zezza tẹ̀ jáde ní 2013, wọ́n yẹ àwọn oko tí wọ́n fi ẹ̀rọ tí ń gba àmì láti ojú sánmà wọ̀n ní Uganda wò, wọ́n rí i pé àwọn tí oko wọn kéré ń bù ú lé, àwọn tí oko wọn tóbi sì ń bù ú kù, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n tún ìwọ̀n náà ṣe, ńṣe ni àǹfààní oko kékeré tún hàn sí i. Nínú ìwádìí tí Gourlay, Kilic àti Lobell tẹ̀ jáde ní 2019, wọ́n padà sí orílẹ̀-èdè kan náà, wọ́n gé àgbàdo láti apá kan oko, wọ́n wọ̀n ọ́ dípò kí wọ́n béèrè iye rẹ̀, ìyàtọ̀ tí wọ́n ti ń jà lé lórí sì pòórá. Àríyànjiyàn tí ó ti gba ọ̀pọ̀ ìwé wá dà bí ohun tí ó ti inú bí a ṣe ń béèrè ìbéèrè jáde. Ìwọ̀nyí ni ó mú kí ọ̀pọ̀ olùwádìí máa fẹ́ irinṣẹ́ tí kò ní ẹnu, tí kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń teríba fún àlejò.

Ọgbọ́n okùn gíláàsì náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Òun kan náà ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ orí tẹlifóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè é ní fáíbà. Charles Kao ni ó fi hàn ní 1966 pé bí gíláàsì bá mọ́ tó, ìmọ́lẹ̀ lè rin ọ̀nà jíjìn nínú rẹ̀, iṣẹ́ yìí ni ó sì mú un gba ẹ̀bùn Nobel ní 2009. Ṣùgbọ́n kò sí gíláàsì tí ó mọ́ tán. Bí ìmọ́lẹ̀ lésà bá ti ń kọjá, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ a máa ta padà láti gbogbo ibi tí ó gbà. Bí ilẹ̀ tí okùn wà nínú rẹ̀ bá mì, okùn yóò nà tàbí kí ó súnkì ní ìwọ̀n tí ojú kò lè rí, ìmọ́lẹ̀ tí ó padà yóò yí díẹ̀, àkókò tí ó fi padà yóò sì sọ ibi tí ìyípadà náà ti ṣẹlẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí okùn kan ṣoṣo fi ń ṣe iṣẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún irinṣẹ́ tí wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn.

Qibin Shi, Marine Denolle àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti lo irú okùn bẹ́ẹ̀ ní oko ìwádìí Yunifásítì Harper Adams ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀nà ìtúlẹ̀ oríṣiríṣi wéra. Ìró tí ń gba inú ilẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ ni wọ́n ń tẹ́tí sí, nítorí pé bí ìró ṣe ń yára sí nínú iyẹ̀pẹ̀ ń yí padà bí omi ṣe ń wọ̀ ọ́ àti bí ó ṣe ń gbẹ. Wọ́n rí i pé ilẹ̀ tí wọ́n tú gidigidi àti èyí tí taya ọkọ̀ ti tẹ̀ pa kì í ṣe sí omi bí ilẹ̀ tí wọn kò dà láàmú. Àǹfààní irú ìmọ̀ yìí fún ibi tí iyẹ̀pẹ̀ kò jìn, tí òjò kò sì ṣe é gbójú lé, kò fara sin: ó lè sọ iye ọjọ́ tí ebè iṣu ń di omi mú lẹ́yìn òjò, ohun tí ojú kò rí, tí ọwọ́ kò sì lè jìnnà dé. (Lóòótọ́, ọkọ́ tí ń kọ ebè tuntun lọ́dọọdún yóò gé okùn tí kò bá jìn, ohun tí ó rọrùn ní oko ìwádìí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní rọrùn bẹ́ẹ̀ níbi tí ọwọ́ ni wọ́n fi ń ro oko.)

Síbẹ̀, ó yẹ kí a yẹ irú ìmọ̀ tí okùn náà ń mú wá wò. Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo, tí wọ́n jọ kọ́ni ní ìmọ̀ ọgbọ́n-orí ní Yunifásítì Ifẹ̀, fi hàn nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1986, lẹ́yìn ìfọ̀rọ̀wérọ̀ pípẹ́ pẹ̀lú àwọn oníṣègùn, pé Yorùbá ya ohun tí ènìyàn fojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn tí ó sì gbà, àti pé èyí kejì kò lè di èyí àkọ́kọ́ láìjẹ́ pé wọ́n dán an wò. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn ọ̀rọ̀ náà, àgbẹ̀ ni ó mọ oko rẹ̀, olùwádìí kàn gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ ni. Ohun tí wọn kì í sábà rí ni pé okùn kò yí ipò olùwádìí padà. Ẹni tí ń wo àmì lójú kọ̀ǹpútà kò tíì rí omi inú ilẹ̀. Ó gba ọ̀rọ̀ okùn gbọ́ ni, ọ̀rọ̀ tí ó gba ìtumọ̀ kí ó tó di omi, tí ó sì ń béèrè pé kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ wò ní ibì kan kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ìtumọ̀ náà tọ́. Ẹlẹ́rìí tuntun ni okùn, kì í ṣe adájọ́.

Ẹ̀rí kan sì wà tí okùn kò lè jẹ́ láéláé. Ní 2010, Kinkingninhoun-Mêdagbé, Diagne àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn tí ń gbin ìrẹsì ní Koussin-Lélé, ní àárín gbùngbùn Benin, níbi tí wọ́n ti ń fa omi wọ oko. Ìrẹsì àwọn obìnrin kò pọ̀ tó ti àwọn ọkùnrin, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé wọn kò mọṣẹ́ tó wọn. Ohun tí ó fà á ni pé wọn kò rí ilẹ̀ àti irinṣẹ́ gbà bí àwọn ọkùnrin. Bí ó bá jẹ́ okùn ni wọ́n rì sí ibẹ̀, yóò sọ ibi tí omi dé àti ibi tí kò dé. Kò ní sọ ẹni tí ó pín ilẹ̀ àti ẹni tí wọ́n fi dù.

Lójú ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ náà tún jinlẹ̀ ju èyí lọ. Ìtàn àwọn Fọ̀n, tí Pierre Verger wà lára àwọn tí ó kọ ọ́ sílẹ̀, sọ pé láti agbègbè Dassa ni òrìṣà Sakpata, tí Yorùbá mọ̀ sí Ṣọ̀pọ̀ná, ti dé Àgbómẹ̀ ní ayé ọba Agaja, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìdínlógún. Onílẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Òun ni ó ń fún ènìyàn ní ọkà, òun náà ni ó sì ń fi ilẹ̀gbóná fìyà jẹ ẹni tí ó bá ṣẹ̀. Ní Yorùbá káàkiri, ilẹ̀ ni wọ́n fi ń búra, nítorí ìgbàgbọ́ pé ó ń rí ohun tí ojú ènìyàn kò tó. Àwọn Kristẹni tí ń wọ́ lọ sí ihò àpáta Màríà ní Arigbo, ní Dassa, láti 1954, àti àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n gbà pé àfisípò Ọlọ́run ni ènìyàn lórí ilẹ̀, kò bá èyí jiyàn ní ti ohun kan: ènìyàn kọ́ ni ó ni ilẹ̀ pátápátá. Nítorí náà kò sí èèwọ̀ nínú títẹ́tí sí ilẹ̀. Ẹni tí ń bọ ilẹ̀ ti ń bi í léèrè kí ẹ̀rọ tó dé. Ohun tí ó lè di ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn gbọ́ àṣírí ilẹ̀, kí ó sì ka àṣírí náà sí dúkìá ara rẹ̀.

Ẹ̀rí tí ènìyàn jẹ́ ń so ó mọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, èyí sì hàn gbangba nínú ìwádìí mìíràn tí wọ́n ṣe ní Benin. Lábẹ́ ètò kan tí Amẹ́ríkà náwó sí láàárín 2006 àti 2011, wọ́n ṣẹ́ gègé ní gbangba láti yan àwọn abúlé tí wọn yóò wọn ilẹ̀ wọn. Àwọn onílẹ̀ àti àwọn alábàáàlà wọn dúró lórí ilẹ̀, wọ́n fẹnu kò lórí ààlà, wọ́n sì ri òkúta mọ́lẹ̀. Àbọ̀ ìwádìí tí Goldstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2018 fi hàn pé àwọn ará abúlé wọ̀nyí túbọ̀ ń gbin igi tí ń pẹ́ lórí ilẹ̀, kí ìwé ẹ̀rí tilẹ̀ tó tẹ ọ̀pọ̀ wọn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tí aládùúgbò sọ níwájú aládùúgbò ti tó kí ènìyàn gbin igi tí kò ní so títí ọdún mélòó kan. Àmì orí kọ̀ǹpútà, bó ti wù kó péye tó, kò lè mú ẹnikẹ́ni pa ààlà ẹnikẹ́ni mọ́.

Àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ní Abomey-Calavi, Parakou, Ìbàdàn àti Ifẹ̀ ni yóò ri okùn náà mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ó sì dára kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tí ilẹ̀ nìkan mọ̀ kò yẹ kí wọ́n máa fagbára gbà lẹ́nu àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá gbọ́ lábẹ́ oko obìnrin kan ní Paouignan, etí rẹ̀ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ dé, ní Ìdáàṣà tàbí ní Máhì, lórí oko rẹ̀, kí ó lè sọ bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́, kí wọ́n sì kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé ìwádìí wọn kí ó tó jáde.