Ìwé Tó Ya Ṣì Wúlò Lọ́wọ́ Olúwa

Bíbélì kíkà: Jeremáyà 36:20-32, Jeremáyà 18:1-6



Ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ni mo wà. Ní sáà tó kọjá, wọ́n ní kí olúkúlùkù wa ṣe orí ènìyàn kan. Àwọn kan ra igi, àwọn mìíràn ra símẹ́ǹtì. Èmi kò ní owó ọ̀kankan nínú méjèèjì. Olùkọ́ wa wò mí, ó ní, "Lọ kó ìwé jọ." Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, n kò mọ̀ pé ìwàásù ni Ọlọ́run fẹ́ fi iṣẹ́ náà ṣe fún mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. A ó kó ìwé ìròyìn àtijọ́, páálí àti ìwé ìbéèrè tí a ti lò tán jọ. A ó yọ píìnì àti ọ̀rá kúrò lára wọn, a ó ya wọ́n wẹ́wẹ́, a ó sì rẹ wọ́n sínú omi gbígbóná di ọjọ́ kejì. A ó gún un nínú odó títí yóò fi kúnná, a ó fún omi rẹ̀ dànù, a ó wá fi ẹ̀kọ gbígbóná àti iyọ̀ díẹ̀ pò ó, kí ó má baà tètè bu. Yóò rọ̀ bí amọ̀ lọ́wọ́ ẹni. Bí ó bá sì gbẹ tán, yóò le bíi pákó, síbẹ̀ ọmọdé lè fi ọwọ́ kan gbé e.

Iṣẹ́ yìí dùn mọ́ mi. Bí imú bá wọ́, mo kàn fi omi tọ́ ọ, mo tún un mọ. Igi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí a bá ti gé kúrò lára igi ti lọ nìyẹn. Fọ́nrán igi àti ti ewéko ló wà nínú ìwé. Bí omi bá wọ̀ wọ́n, wọn a tú kúrò lára ara wọn. Bí omi bá gbẹ, wọn a tún di ara wọn mú. Nǹkan àlòkù ni wọ́n tilẹ̀ fi ṣe ìwé àtijọ́. Ìtàn àwọn ará Ṣáínà sọ pé ní ọdún 105 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, Cai Lun, òṣìṣẹ́ ààfin kan, mú ìwé tí wọ́n fi èèpo igi, àkísà àti àwọ̀n ìpẹja gbígbó ṣe wá fún ọba. Àkísà di ohun tí ọba ń kọ̀wé sí!

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan fún yín. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí mo ń ya ìwé, mo rí èsì ìdánwò ọdún kejì mi láàrin òkìtì náà. Mo fìdí rẹmi nínú iṣẹ́ méjì. Ó ti pé oṣù mẹ́rin tí mo ti ń fi í pamọ́. Màámi ń ta ẹ̀kọ nílé kí n lè rí ẹ̀kọ́ kọ́. Nígbàkígbà tí wọ́n bá béèrè lórí fóònù, ohun tí mo máa ń sọ ni pé, "Ẹ má ṣèyọnu, mà, gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa." Èmi yìí kan náà ni mo sì ń darí àdúrà ní ìpàdé wa. Mo ya èsì náà wẹ́wẹ́, mo sọ ọ́ sínú omi, mo gún un mọ́ ìyókù. Ọkàn mi fúyẹ́. Mo rò pé ó ti tán.

Orí màámi ni mo fi ìwé náà mọ, pẹ̀lú gèlè wọn. Ọjọ́ tí a máa fi iṣẹ́ sílẹ̀ ti ń sún mọ́lé, nítorí náà mo gbé e sínú oòrùn. Ẹ mọ ọyẹ́ ìhà Àríwá níbí: láàárín ọjọ́ kan, ara rẹ̀ ti gbẹ. N kò dúró kí inú rẹ̀ gbẹ, mo fi ọ̀dà kùn ún. Ó dán, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi yìn ín. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Inú rẹ̀ ti bu.

Ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni mo ka Jeremáyà orí 36. Ọba Jehoiákímù jókòó nínú ilé ìgbà òtútù rẹ̀, iná ń jó níwájú rẹ̀. Jehúdì ń ka ọ̀rọ̀ tí Bárúkù kọ láti ẹnu Jeremáyà. Bí ó bá ti ka apá mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ọba a fi ọ̀bẹ gé e, a jù ú sínú iná. Àwọn ìjòyè mẹ́ta bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má jó o, kò gbọ́. Ó rò pé bí ìwé bá ti jóná, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ náà ti jóná. Mo gbé Bíbélì sílẹ̀, nítorí mo rí ara mi. Mo ti ya ìwé, ṣùgbọ́n irọ́ mi ṣì wà lódindi.

Ará mi, ọ̀nà méjì ni ènìyàn fi ń ya ìwé. Ọba ya tirẹ̀ kí ó má baà gbọ́ òtítọ́. Oníṣẹ́ ọnà ya tirẹ̀ kí ó lè tún un mọ. Ìkòkò Jeremáyà orí 18 bàjẹ́ ní ọwọ́ amọ̀kòkò, kò sì kúrò ní ọwọ́ náà. Ìdí nìyẹn tí ó fi di ìkòkò mìíràn. Ìbàjẹ́ wa kọ́ ló ń pa wá run. Fífi tí a ń fi í pamọ́ fún Ẹni tó lè tún un ṣe ló ń pa wá run. Òwe 28:13 ti kìlọ̀ èyí fún wa.

Mo pe màámi lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n dákẹ́ títí, mo rò pé fóònù ti já. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, wọ́n ní, "Ṣé o ti jẹun?" Ẹkún bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó bá mi wí, ìbáwí náà sì wọ̀ mí lára. Mo sọ fún olórí ìdàpọ̀ wa pẹ̀lú. Ó ní kí n sinmi díẹ̀ nínú dídarí àdúrà, ó sì wá arákùnrin kan tí yóò máa kọ́ mi ní iṣẹ́ tí mo fìdí rẹmi nínú rẹ̀.

Mo padà sídìí orí tó bu náà. Mo bó ọ̀dà rẹ̀, mo gé ibi tó ti bu dànù, mo tún rẹ ìyókù sínú omi. Olùkọ́ wa ní kí n fi ìwé tuntun kún un, nítorí pé ní gbogbo ìgbà tí a bá tún ìwé gún, fọ́nrán rẹ̀ máa ń kúrú sí i. Mo rántí pé nígbà tí Ọlọ́run ní kí Jeremáyà mú ìwé mìíràn, gbogbo ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ padà sínú rẹ̀, a sì fi ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ mìíràn kún un. Agbára àlòkù tiwa kò tó láti tún wa ṣe; Olúwa ní láti fi tirẹ̀ kún un. Lẹ́yìn èyí, mo gbé orí náà sí ibòòji, mo sì ní sùúrù.

N kò ní parọ́ fún yín mọ́. Mo ti tún iṣẹ́ méjèèjì ṣe. Mo yege nínú ọ̀kan, èkejì ṣì kù. Ṣùgbọ́n n kò ní nǹkan tí mo ń fi pamọ́ fún màámi.

Ìwọ ńkọ́? Ìwé wo lo ti ya tí o sì rò pé ó ti tán? Bóyá èsì ìdánwò ni, bóyá owó tí wọ́n fún ọ san owó ilé-ìwé, bóyá ẹ̀jẹ́ tí o jẹ́ níbí kí o tó jáde. Má fi ọ̀dà kun ohun tí inú rẹ̀ kò tíì gbẹ. Gbé e wá lónìí, kí o sì sọ òtítọ́ fún ẹni tó yẹ kí ó gbọ́ ọ.

Àdúrà: Baba, mo gbé ohun tó ya nínú ayé mi wá sọ́wọ́ rẹ. Fún mi ní ìgboyà láti sọ òtítọ́. Tún mi mọ bí ó ṣe wù ọ́, kí o sì fún mi ní sùúrù títí n ó fi gbẹ dénú. Ní orúkọ Jésù. Àmín.