Gègé Lórí Awọ Ọmọ

Ọjọ́ Àìkú ni, lẹ́yìn ìsìn, nínú ilé ìdáná kan ní Peckham, gúúsù ìlú London. Àǹtí Adùkẹ́ gbé ọmọ oṣù méje lé itan, ó ń fi ìka kan pa ìpara sí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ níbi tí awọ ti bó, tó sì ti dúdú ju ibi yòókù lọ. Wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ òwú fún ọmọ náà kí ó má baà họ ara rẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi jáde. Àǹtí ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣe nọ́ọ̀sì ní ìlú yìí kó tó fẹ̀yìn tì. Ilé dé ilé ló máa ń lọ wo àwọn ìyá ọlọ́mọ tuntun nígbà náà. Túndé, àbúrò rẹ̀, ni bàbá ọmọ. Lẹ́tà kan wà lórí tábìlì. Ilé ìwòsàn ló fi ránṣẹ́, wọ́n ń béèrè bóyá àwọn òbí yóò jẹ́ kí ọmọ wọn wà nínú ìwádìí kan tí wọ́n ti fẹ́ fi ìpara méjì wé ara wọn fún àwọn ọmọdé tó ní ẹ́símà, àìsàn awọ tó ń yún ni. Èmi jókòó ti fèrèsé, mi ò dá sí i. Mo kọ ohun tí mo gbọ́ sílẹ̀ nítorí pé láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ wọn kò kúrò lọ́kàn mi.

TÚNDÉ: Àǹtí, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti ka lẹ́tà yẹn. Ibì kan ṣoṣo ló ń dùn mí níbẹ̀. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà ni yóò ṣẹ́ gègé láti mọ ìpara tí ọmọ mi máa gbà. Dókítà tí mo gbé ọmọ tọ̀ lọ kọ́ ló máa yàn án. Gègé! Ṣé ayò ni wọ́n fẹ́ fi ọmọ mi ta ni?

ÀǸTÍ: Ó yẹ kó dùn ẹ́. Bí kò bá dùn ẹ́, ẹ̀rù rẹ ni ìbá máa bà mí. Àmọ́ jẹ́ n bi ẹ́: nínú ìpara méjèèjì, ṣé dókítà rẹ mọ èyí tó dáa jù?

TÚNDÉ: Ó yẹ kó mọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni.

ÀǸTÍ: Kò mọ̀. Ohun tí lẹ́tà yẹn sọ gan-an nìyẹn. Dókítà kan fẹ́ràn èyí, òmíràn fẹ́ràn ìyẹn, bí ọ̀gá tó kọ́ oníkálukú níṣẹ́ ṣe máa ń ṣe ni òun náà ń ṣe. Tó o bá bọ́ sọ́wọ́ dókítà ọjọ́ Ajé, ìpara kan. Tó o bá bọ́ sọ́wọ́ ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òmíràn. Ṣé ìyẹn kì í ṣe gègé? Kò kàn sí ẹni tó ń kọ ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ sílẹ̀ ni.

TÚNDÉ: Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí dókítà ọjọ́ Ajé bá ń yan ìpara, ojú ọmọ mi ló ń wò. Oníwàádìí, ìwé tó fẹ́ tẹ̀ jáde ló ń wò. Bí ọmọ mi bá sunkún mọ́jú, iye kan lásán ni nínú ìwé tiẹ̀. Ọmọ náà kò sì lè sọ̀rọ̀, Àǹtí. Bí èmi ni, mo lè ní kí wọ́n fi mí ṣe ohun tó bá wù wọ́n. Awọ ara mi ni. Ta ló fún mi láṣẹ lórí awọ ara ẹlòmíràn?

ÀǸTÍ: Jẹ́ n sọ ohun kan fún ẹ tí mi ò tíì sọ nínú ilé yìí rí. Ní 1998, ìjọba ilẹ̀ yìí gba àwọn òbí nímọ̀ràn pé bí àlẹ́jì tàbí ẹ́símà bá wà nínú ìdílé, kí wọ́n má fún ọmọ ní ẹ̀pà títí yóò fi pé ọdún mẹ́ta. Ní 2000, àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà sọ ohun kan náà. Èmi ni mo ń gbé ọ̀rọ̀ yẹn láti ilé dé ilé. Ìyá kan wà ní Camberwell, ọmọ Ìjẹ̀bú. Ẹ́símà bo ọmọ rẹ̀ láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé orúnkún. Ó ti lọ ẹ̀pà kúnná sínú ike, ó fẹ́ máa pò ó mọ́ ògì. Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ògì àti ẹ̀pà ni ìyá mi fi tọ́ àwa méjèèje, kí ló dé tí tèmi fi yàtọ̀?” Mo ní London la wà, pé ìwé rèé lọ́wọ́ mi. Ojú mi níbẹ̀ ló ti da ẹ̀pà yẹn sínú àpò ìdọ̀tí. Ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

TÚNDÉ: Ohun tí wọ́n ní kẹ́ ẹ sọ lẹ sọ.

ÀǸTÍ: Gbọ́ ìyókù. Dókítà kan wà ní King's College níbí, Gideon Lack lorúkọ rẹ̀. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọmọ àwọn Júù tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wé ọmọ àwọn Júù tó wà ní Ísírẹ́lì. Àwọn ará Ísírẹ́lì máa ń fún ọmọ ọwọ́ ní ìpápánu kan tí wọ́n fi ẹ̀pà ṣe. Àwọn tibí kì í fún wọn nígbà náà. Ìwádìí náà jáde ní 2008: àwọn ọmọ tibí tí ara wọn kọ ẹ̀pà fi nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá ju tọ̀hún lọ. Nígbà tó di 2009, ìjọba gba ìmọ̀ràn 1998 yẹn padà. Lack kò fi mọ sórí ìfiwéra yẹn. Ó kó ọmọ 640 jọ, láti oṣù mẹ́rin sí mọ́kànlá, ẹ́símà tó le ló wà lára wọn, tàbí kí ara wọn kọ ẹyin, tàbí méjèèjì. Wọ́n kọ́kọ́ yẹ awọ ọmọ kọ̀ọ̀kan wò. Èyí tí awọ rẹ̀ bá wú púpọ̀ nígbà tí ẹ̀pà kàn án, wọn kò mú un. Lẹ́yìn náà, wọ́n ṣẹ́ gègé. Apá kan ń jẹ ẹ̀pà lẹ́ẹ̀mẹ́ta ó kéré tán lọ́sẹ̀, apá kejì kò gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò, títí wọ́n fi pé ọmọ ọdún márùn-ún.

TÚNDÉ: Kí ló wá ṣẹlẹ̀?

ÀǸTÍ: Ní 2015, èsì jáde. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò jẹ ẹ́, nǹkan bí 17 ni ara wọn kọ ẹ̀pà. Nínú ọgọ́rùn-ún tó ń jẹ ẹ́, nǹkan bí 3.

(Ọmọ náà ké. Àǹtí gbé e lé èjìká, ó ń gbá a lẹ́yìn jẹ́jẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀.)

TÚNDÉ: Àwọn ọmọ mẹ́tàdínlógún yẹn ńkọ́? Ìbéèrè mi nìyẹn. Wọ́n kó wọn sí apá tí kò ní jẹ, wọ́n sì ń wo àwo wọn títí wọ́n fi pé ọmọ ọdún márùn-ún. Ẹ máa sọ pé ìmọ̀ tó jáde níbẹ̀ gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ là. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ kò lè sọ fún ìyá tí wọ́n fi ọmọ tiẹ̀ rúbọ pé ọmọ ẹlòmíràn ti yè.

ÀǸTÍ: Túndé, wọn kò fún àwọn ọmọ yẹn ní májèlé. Ohun tí mo ní kí gbogbo ìyá ní Camberwell ṣe ni wọ́n ní kí wọ́n ṣe. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn àti ọmọ ará Ìjẹ̀bú yẹn ni pé wọ́n sọ òtítọ́ fún ìyá tiwọn: “A ò mọ èyí tó dáa. Ṣé ẹ gbà?” Dókítà sì ń yẹ̀ wọ́n wò lásìkò. Ta ló bi ìyá tèmi bóyá ó gbà? Ta ló fọwọ́ sí ìwé fún ọmọ tiẹ̀? Èmi ni mo fi ọmọ yẹn ṣe ìwádìí. Mi ò gbàṣẹ, mi ò sọ fún un pé mi ò mọ̀, mi ò sì padà lọ wo bó ṣe parí. Ìmọ̀ràn tí ẹnikẹ́ni kò tíì dán wò, ìwádìí lòun náà, kò kàn ní àkọsílẹ̀ ni. Títí dòní, mi ò mọ̀ bóyá ara ọmọ yẹn gba ẹ̀pà.

TÚNDÉ: Ẹ má dá ara yín lẹ́bi tó báyìí.

ÀǸTÍ: Ibi tí ẹ̀bi wà ni mo ń fi hàn ẹ́. Ohun tí àwọn oníṣègùn wá ń sọ báyìí ni pé bí ẹ̀pà bá gba ojú awọ tó bó wọlé, bóyá eruku rẹ̀ nínú ilé tàbí òróró rẹ̀ nínú ìpara, ara lè kà á sí ọ̀tá. Bó bá gba ẹnu wọlé lásìkò, ara á mọ̀ ọ́n sí oúnjẹ. Ní 2003, Lack yìí kan náà rí i pé ìpara tó ní òróró ẹ̀pà nínú wọ́pọ̀ lára àwọn ọmọ tí ara wọn wá kọ ẹ̀pà. Ṣé o rí i? Ìyá lè máa ṣọ́ ẹnu ọmọ kí ẹ̀pà má dé ibẹ̀, kó sì máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á sí i lára.

TÚNDÉ: Òrí tí Mọ́mì fi ránṣẹ́ láti Abẹ́òkúta wá ńkọ́? Ṣé òun náà nílò ìwádìí? Òrí ni wọ́n fi pa gbogbo wa lára.

ÀǸTÍ: Ó nílò rẹ̀. Mo fẹ́ràn òrí, mo sì ń lò ó. Ṣùgbọ́n pé a ti ń ṣe nǹkan láti ayébáyé kò sọ pé ó ń ṣiṣẹ́. Àwa nọ́ọ̀sì gbà gbọ́ pé bí ìyá bá ń fi ìpara pa ọmọ tuntun lára lójoojúmọ́, ẹ́símà ò ní mú un. Ó bọ́gbọ́n mu, àbí? Wọ́n dán an wò níbí lára ọmọ 1,394, èsì jáde ní 2020: kò dí ẹ́símà lọ́nà rárá. Kódà, àwọn tí wọ́n ń pa ìpara fún ni awọ ara wọn tún gba kòkòrò díẹ̀ sí i.

TÚNDÉ: Ó dáa. Ẹ ti sọ tiyín, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ní Philadelphia, ọgbà ẹ̀wọ̀n kan wà tó ń jẹ́ Holmesburg. Láti 1951 títí di 1974, dókítà awọ ara kan, Albert Kligman ti Yunifásítì Pennsylvania, ń fi àwọn ẹlẹ́wọ̀n ibẹ̀ dán nǹkan wò. Ó lẹ kẹ́míkà mọ́ wọn lẹ́yìn láti mọ èyí tí awọ máa kọ̀. Ọ̀nà ìdánwò àlẹ́jì tó kọ sílẹ̀ ní 1966, ara àwọn ẹlẹ́wọ̀n ló ti rí i. Ó fi dioxin, kẹ́míkà olóró kan, pa wọ́n lára fún ilé iṣẹ́ kẹ́míkà kan. Ènìyàn dúdú ló pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀pọ̀ ni wọn kò tíì dá lẹ́jọ́, wọn kò rí owó béèlì ni. Àǹtí, àwọn yẹn náà fọwọ́ sí ìwé. Ìwé wà! Ìwọ̀nba dọ́là ni wọ́n fún wọn, wọn kò sì sọ ohun tó wà nínú ìgò fún wọn. Ọdún 2022 ni ìlú Philadelphia ṣẹ̀ṣẹ̀ tọrọ àforíjì, nígbà tí dókítà náà ti kú láti 2010.

ÀǸTÍ: Mi ò ní gbèjà wọn. Ìwà ìkà ni.

TÚNDÉ: Kí ló wá fi yàtọ̀ sí lẹ́tà yìí? Ìwé náà ni wọ́n ní kí èmi náà fọwọ́ sí.

ÀǸTÍ: Ìwé kọ́ ló ń sọ ọ́ di ìyọ̀ǹda, ilẹ̀kùn tí a lè gbà jáde ni. Ẹlẹ́wọ̀n kò rí ibòmíràn tó ti lè rí dọ́là. Ìwọ, bó o bá ní o ò ṣe, ìpara ọmọ rẹ ò ní dáwọ́ dúró. Bó o bá bẹ̀rẹ̀, tó o ní o ò ṣe mọ́, kò sẹ́ni tó máa bi ẹ́ ní ìdí.

TÚNDÉ: Ẹ̀yin lẹ rí i bẹ́ẹ̀. Ọmọ onílẹ̀ ni yín báyìí. Ìwé ìgbélùú tèmi ku ọdún méjì kó tó pé. Bí lẹ́tà bá ti ilé ìwòsàn ìjọba wá, ẹ rò pé ó rọrùn fún èmi láti sọ pé rárá? Ojoojúmọ́ ni mò ń rò ó pé ẹnì kan ń kọ orúkọ mi síbì kan.

ÀǸTÍ: Mi ò mọ̀ pé ìyẹn wà lọ́kàn rẹ. (Ó dákẹ́.) Túndé, bó bá jẹ́ ẹ̀rù ló máa mú kó o fọwọ́ sí i, má fọwọ́ sí i. Pè wọ́n, kó o sì bi wọ́n bóyá ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì ìjọba máa rí orúkọ rẹ. Ẹni tí kò bá lè dáhùn ìyẹn kedere, kò yẹ kí ó gba ọmọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

TÚNDÉ: Ẹ̀yin náà gbà nìyẹn pé àlejò kò lómìnira bí onílé.

ÀǸTÍ: Mo gbà. Ìdí nìyẹn tí ọrùn ẹni tó ń béèrè fi gbọ́dọ̀ gbé ẹrù tó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n wo apá ọmọ yìí. Ṣé ó pọ́n?

TÚNDÉ: Ó dúdú. Bí aró.

ÀǸTÍ: Bí wọ́n ṣe ń díwọ̀n bí ẹ́símà ṣe le tó, pípọ́n wà lára ohun tí wọ́n ń kà. Lára òyìnbó, ó máa pọ́n bí ata. Lára wa, ó máa dúdú, tàbí kó rí bí eérú. Ní 2002, àwọn dókítà kan tẹ̀ ẹ́ jáde láti ìlú London yìí pé gbígbára lé pípọ́n ń bo ẹ́símà tó le mọ́lẹ̀ lára àwọn ọmọ dúdú. Ọmọ ń jìyà, ìwé ní kò le. Bí gbogbo àwa bá jókòó sílé, awọ ara ẹlòmíràn ni wọ́n á máa fi kọ́ iṣẹ́, tí wọ́n á sì fi máa tọ́jú tiwa.

TÚNDÉ: Bí mo bá sì gbé e lọ, tó jẹ́ ojú tí kò mọ awọ wa ni wọ́n fi ń kà á ńkọ́? Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara rẹ̀ ti yá nígbà tí kò tíì sùn. Irọ́ ni wọ́n máa fi ara ọmọ mi kọ. Ìyẹn burú ju kó má lọ lọ.

ÀǸTÍ: Ó burú jù ú lọ. O jàre.

(Túndé fa lẹ́tà náà mọ́ra, ó yí i padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sẹ́yìn rẹ̀.)

TÚNDÉ: Ọ̀kan: ta ló máa rí orúkọ wa? Èkejì: bí ara rẹ̀ bá le sí i lóru, ta ni mo máa pè, ṣé wọ́n sì máa jẹ́ kí ó gba ìpara kejì kíákíá? Ẹ̀kẹta: báwo lẹ ṣe ń díwọ̀n rẹ̀ lára ọmọ dúdú? Lọ́la ni mo máa pè wọ́n. Bí wọ́n bá fi “a ó máa wo bó ṣe pọ́n” dáhùn ẹ̀kẹta yẹn, mi ò ní fọwọ́ sí i.

ÀǸTÍ: Èmi náà ò ní ní kó o fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá sì dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa ńkọ́?

TÚNDÉ: Mo máa fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin lẹ máa tẹ̀ lé wa lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ gbé e lé itan báyìí.