Ìwà Mímọ́ àti Ààbò Ara: Abẹ́rẹ́ Àjẹsára HPV fún Àwọn Ọ̀dọ́mọkùnrin Wa ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá ènìyàn, tí Ó sì fi ara rẹ̀ ṣe àgbàfipamọ́ sí i lọ́wọ́. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn Sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé ojú ọ̀nà wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, a ń pe ara wa àti ẹ̀yin síbi ìbẹ̀rù Ọlọ́hun. Lẹ́yìn náà, ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí ń bi wa ní agbègbè yìí, láti Lẹkki títí dé Ajah àti Sàngótẹ́dó. Wọ́n ní: ọmọkùnrin wa tí ó wà ní yunifásítì, tí ó ń kírun, tí kò mọ obìnrin, kí ni ó fẹ́ fi abẹ́rẹ́ àrùn ìbálòpọ̀ ṣe? Àwọn ọ̀dọ́ náà ń bèèrè rẹ̀ ní ọ̀nà tiwọn: bí mo bá gbà á, ṣé kì í ṣe pé mo ti jẹ́wọ́ pé mo ní i lọ́kàn láti dẹ́ṣẹ̀? Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Òun ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń sọ. HPV jẹ́ kòkòrò àìfojúrí tí ẹ̀yà rẹ̀ ju 200 lọ. Nípa ìfarakanra ni ó ń ràn, pàápàá nígbà ìbálòpọ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni ara ènìyàn ń ṣẹ́gun fúnra rẹ̀ láàárín ọdún kan sí méjì, tí ẹni náà kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé òun ní i. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀yà kan máa ń lúgọ sínú ara fún ọ̀pọ̀ ọdún títí wọn yóò fi di jẹjẹrẹ. Ẹ̀yà 16 àti 18 ni ó ń fa nǹkan bíi ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ. Onímọ̀ ará Jámánì, Harald zur Hausen, tí ó fi ìdí èyí múlẹ̀, gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní ọdún 2008. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2020, nǹkan bíi 12,000 obìnrin ni jẹjẹrẹ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní Nàìjíríà, nǹkan bíi 8,000 sì kú. Kò yọ ọkùnrin sílẹ̀: ó ń fa jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun, ti ihò ìdí, àti ti ojú ara ọkùnrin.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ìjọba Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́, Èkó sì wà nínú àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin kò sí nínú ètò náà. Ní ilẹ̀ Ọsirélíà, láti ọdún 2013 ni wọ́n ti ń fún àwọn ọmọkùnrin pẹ̀lú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 2019 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fún wọn ní ilé-ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù sì ń gbà á pẹ̀lú ẹgbẹ́ wọn. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n gba àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò gbà á ní kékeré níyànjú láti gbà á títí di ọmọ ọdún 26.

Ẹ̀yin ìránṣẹ́ Ọlọ́hun, ẹ jẹ́ kí a wá wo ìbéèrè náà. Ẹni tí ó sọ pé ẹni mímọ́ kò nílò abẹ́rẹ́ yìí rò pé ipa ọ̀nà ẹ̀ṣẹ̀ nìkan ni àrùn náà ń gbà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó pa ara rẹ̀ mọ́, tí ó sì fẹ́ opó ní ìyàwó. Kò sí ẹni tí yóò bu irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ kù, nítorí pé opó ni ìyá wa Khadijah nígbà tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun fẹ́ ẹ. Obìnrin náà lè ti gba kòkòrò yìí lára ọkọ rẹ̀ tí ó ti kú, láìdẹ́ṣẹ̀ kankan. Yìgì tọ́, sàdáákì pé, àwọn méjèèjì mọ́ níwájú Ọlọ́hun, síbẹ̀ àrùn lè ti ara ẹnì kan dé ara ẹnì kejì. Nítorí náà, HPV kì í ṣe ẹ̀rí ṣìná, ìmọ́tótó ìwà ẹni kan ṣoṣo kò sì lè dí gbogbo ọ̀nà rẹ̀.

Ẹ tún wo ẹni tí ó ti ṣi ẹsẹ̀ gbé nígbà kan, tí ó sì ti túúbá. Ìlẹ̀kùn túúbá ṣí sílẹ̀, ẹni tí ó bá sì gba ibẹ̀ wọlé tòótọ́tòótọ́, Ọlọ́hun a nu ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ nù. Ṣùgbọ́n túúbá kì í lé kòkòrò kúrò nínú ara. Nígbà tí irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ bá wá so yìgì, ìyàwó rẹ̀ tí kò mọ ọkùnrin rí ni ó lè ru ẹrù náà. Ṣáájú yìgì, a máa ń ní kí wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò jínótáìpù àti HIV. Ti HPV kò rí bẹ́ẹ̀: obìnrin ní àyẹ̀wò tí ó lè ṣe, ṣùgbọ́n kò sí àyẹ̀wò tí a fọwọ́ sí tí ọkùnrin lè fi mọ̀ bóyá òun ń gbé e kiri. Ìlànà ẹ̀sìn wa sì ni pé a kò gbọdọ̀ ni ara wa lára, a kò sì gbọdọ̀ ni ẹlòmíràn lára. Ọkùnrin tí ó ní agbára láti dènà ìpalára tí kò lè fojú rí, tí ó sì kọ̀ nítorí ohun tí ènìyàn yóò wí, kí ni yóò sọ nípa àgbàfipamọ́ tí a fi sí i lọ́wọ́?

Àwọn kan ní, ààbò yìí yóò mú kí àwọn ọ̀dọ́ gbójú sí ẹ̀ṣẹ̀. A gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: kí ni ó sọ ṣìná di èèwọ̀? Bí ó bá jẹ́ àrùn ni, ọjọ́ tí oògùn bá dé ni èèwọ̀ yóò kúrò. Kò sí mùsùlùmí tí ó gbà bẹ́ẹ̀. Àṣẹ Ọlọ́hun ni ó sọ ọ́ di èèwọ̀, èèwọ̀ ni yóò sì máa jẹ́ bí gbogbo àrùn bá tilẹ̀ parẹ́ láyé. Ọ̀dọ́ tí ó yẹra fún ṣìná kìkì nítorí àrùn, ara rẹ̀ ni ó ń bẹ̀rù, kò tíì bẹ̀rù Olúwa rẹ̀. Bí a bá fi àìsàn ṣe ọgbà ìwà mímọ́ fún àwọn ọmọ wa, ọgbà ẹlẹgẹ́ ni a mọ. Awakọ̀ tí ó de bẹ́líìtì lójú ọ̀nà Lẹkki sí Ẹ̀pẹ́ kò fi hàn pé òun fẹ́ forí sọ. Ó mọ̀ pé bí òun tilẹ̀ ń ṣọ́ra, òun nìkan kọ́ ni ó wà lójú ọ̀nà.

Àwọn mìíràn ní, kádàrá ni. Nígbà ayé Sàyídínà Umar, àjàkálẹ̀ àrùn bẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Ṣámù. Umar pinnu láti padà lójú ọ̀nà. Abu Ubaydah bi í bóyá kádàrá Ọlọ́hun ni ó ń sá fún, Umar sì fún un lésì pé inú kádàrá kan ni àwọn ti ń bọ́ sínú òmíràn, ti Ọlọ́hun sì ni méjèèjì. Àìsàn jẹ́ kádàrá, ìdènà àìsàn náà sì jẹ́ kádàrá. Àwa tí à ń gba abẹ́rẹ́ àrùn yírunyírun kí a tó lọ sí Hájì, a kò gbà pé ó dín ìgbàgbọ́ wa kù.

Ní ti ahesọ pé abẹ́rẹ́ ń sọ ènìyàn di àgàn, a ti rí ibi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń gbé ni lọ. Ní ọdún 2003, wọ́n dá oògùn àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dúró ní Kano nítorí ahesọ kan náà. Kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2004, àrùn náà ti tàn dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, àwọn ọmọdé ni ó sì jìyà rẹ̀. Abẹ́rẹ́ HPV kò ní kòkòrò ààyè nínú, kò lè fún ènìyàn ní àrùn náà. Gardasil, èyí tí ìjọba wa ń lò, kò sì ní gelatin ẹlẹ́dẹ̀ nínú.

Kí ni a wá fẹ́ kí a ṣe? Ohun àkọ́kọ́ ni àwọn ọmọbìnrin wa. Ẹni tí ó bá ní ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, kí ó mú un lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tí ó wà nítòsí, nítorí ọ̀fẹ́ ni. Lẹ́yìn ìyẹn, kí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wa àti òbí tí agbára wọ́n ká a tọ dókítà lọ, kí ó sọ iye ìgbà tí wọn yóò gbà á. Owó ni wọn yóò fi gbà á, kò sì kéré. Kí ẹni tí Ọlọ́hun bá bùkún fún rántí ọmọ aládùúgbò rẹ̀ tí kò ní. Kí wọ́n tètè gbà á, nítorí pé ṣáájú kí kòkòrò tó wọ ara ni ó ń ṣiṣẹ́ jù. Kì í wo èyí tí ó ti wọlé sàn. Kí àwọn ìyàwó wa sì máa ṣe àyẹ̀wò ẹnu ilé-ọmọ, bí wọ́n tilẹ̀ gba abẹ́rẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ bá sì rí ọ̀dọ́ tí ó gbà á, ẹ má ṣe ro èrò burúkú sí i. Súratu-l-Hujurat ti kìlọ̀ fún wa nípa àbá dídá sí ọmọlàkejì. Ó lè jẹ́ pé nítorí ìyàwó tí kò tíì fẹ́ ni ó ṣe nawọ́ fún abẹ́rẹ́.

Ọlọ́hun, dáàbò bo àwọn ọmọ wa lọ́kùnrin àti lóbìnrin. Fún wọn ní ara líle, ọkàn mímọ́ àti ilé aláàfíà. Wo àwọn aláìsàn wa sàn, kí O sì kẹ́ àwọn tí jẹjẹrẹ ti mú lọ láàárín wa. Áàmín.