Wọn Kò Bu Epo

Bí táńkà epo bá dojú dé ní Nàìjíríà, tí iná sì sọ, ohun tí a kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni pé kí ni àwọn tó kú ń wá níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn ni a ti dá ara wa lóhùn: wọ́n lọ bu epo ni. Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ní Majiya, ìpínlẹ̀ Jigawa, lóṣù Kẹwàá 2024, ẹ̀mí tó lé ní 150 ló bá a lọ. Ní oríta Dikko, nítòsí Suleja, lọ́jọ́ 18, oṣù Kìíní, 2025, àwọn tó kú lé ní 80. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló gbé kẹ́ẹ̀gì àti ike lọ síbẹ̀. Látàrí ìyẹn, ìkìlọ̀ tí òbí ń ṣe fún ọmọ kò ju ọ̀kan lọ: tí o bá rí táńkà tó ṣubú, sá fún un.

Ìkìlọ̀ náà dára. Ṣùgbọ́n kò lè gba ẹnikẹ́ni là ní Felele.

Felele wà ní Lọ́kọ́ja, níbi tí ìlú ti ń tán lọ lójú ọ̀nà Abuja. Ibẹ̀ ni Kogi State Polytechnic wà, èyí tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Pólì. Ọdún 1993 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ọdún méjì péré lẹ́yìn tí wọ́n yọ ìpínlẹ̀ Kogi lára Kwara àti Benue. Ìpínlẹ̀ tuntun ni, kò sì lówó púpọ̀ lọ́wọ́, àmọ́ ó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ rí ibi kàwé láì fi ilé sílẹ̀ jìnnà. Ọmọ Kabba, ọmọ Mopa, ọmọ Ìsánlú, ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀ tí ilé wọn kò jìnnà rárá, ọmọ Ígálà láti òdìkejì odò, ọmọ Ẹ̀bìrà láti Okene, gbogbo wọn ló ń pàdé níbẹ̀. Nígbà tó yá, ìjọba àpapọ̀ dá yunifásítì tiwọn náà sílẹ̀ ní Lọ́kọ́ja ní 2011, òun náà sì ní ọgbà sí Felele. Bí ibi tó jẹ́ ẹ̀yìn ìlú tẹ́lẹ̀ ṣe di àdúgbò akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn.

Àárín òkè àti odò ni Lọ́kọ́ja há sí. Òkè Patti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Odò Ọya wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, ọ̀nà sì gbọ́dọ̀ gba ìwọ̀nba àyè tó ṣẹ́ kù. Ọ̀nà ọ̀hún sì ni ẹni tó bá ń ti ìwọ̀ oòrùn tàbí gúúsù lọ sí Abuja àti òkè Ọya sábà máa ń gbà. Tírélà sìmẹ́ǹtì láti Obájánà, ọkọ̀ màlúù, bọ́ọ̀sì alẹ́ láti Èkó, táńkà epo, ojú ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń tò sí. Ẹnu ọ̀nà Pólì dojú kọ márosẹ̀ yìí. Ẹ wo akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ìdánwò láàárọ̀: ó sọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ márúwá létí títì, ó ń ka owó fún ọlọ́kọ̀, ó ń wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Kò ṣe ohunkóhun tó burú. Ibi tí wọ́n ń já gbogbo ènìyàn sí ni wọ́n já òun náà sí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 23, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2020. Àwọn iléèwé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣílẹ̀kùn ni, lẹ́yìn oṣù gbọọrọ tí Kòrónà fi tì wọ́n pa. Òbí ń gbé ọmọ lọ síléèwé, akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ sí kíláàsì, òṣìṣẹ́ ń wá ibi iṣẹ́ lọ. Táńkà kan tó ru epo ń bọ̀ lójú márosẹ̀ yẹn. Bíréèkì rẹ̀ kò mú mọ́. Ó kọ lu mọ́tò, ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ tó wà lọ́nà, iná sì gbà á. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, FRSC, kéde pé ènìyàn 23 ló kú. Akẹ́kọ̀ọ́ Pólì wà nínú wọn. Àwọn ọmọ kéékèèké tí wọ́n ń gbé lọ síléèwé wà nínú wọn. Ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, ránṣẹ́ ìbánikẹ́dùn láti Abuja, ìròyìn náà sì kárí ayé fún bí ọjọ́ mélòó kan.

Kò sí kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ ẹnì kankan nínú wọn. Wọn kò sáré lọ síbi táńkà. Táńkà ló wá bá wọn.

Ibí yìí ló yẹ kí a dúró sí kí á ro ó dáadáa, nítorí a ti sọ ọ́ di àṣà láti máa pe irú ikú báyìí ní àmúwá Ọlọ́run. Ẹ jẹ́ ká wo bí bíréèkì ọkọ̀ ńlá ṣe ń kọ iṣẹ́. Táńkà tó ń gbé lítà 33,000 wọ́pọ̀ lójú ọ̀nà wa. Epo inú rẹ̀ nìkan, láìtíì ka irin ọkọ̀, súnmọ́ tọ́ọ̀nù 25. Bí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, jíà tó kéré ló yẹ kí awakọ̀ fi dá a dúró, kí ẹ́ńjìnnì máa fà á sẹ́yìn. Àmọ́ àwọn awakọ̀ mìíràn á tú jíà sílẹ̀ pátápátá, kí ọkọ̀ máa yí lọ fúnra rẹ̀, torí kí dísẹ́ẹ̀lì má baà tán. Ọkọ̀ á wá di ti bíréèkì nìkan. Bí awakọ̀ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ léraléra ni bíréèkì ń gbóná, bó bá sì ti gbóná kọjá ààlà, kò ní di táyà mú mọ́, kódà kí awakọ̀ fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ ẹ́. Bí bíréèkì bá ti jẹ tán tẹ́lẹ̀, tí ọlọ́kọ̀ kò sì pààrọ̀ rẹ̀ torí pé owó wọ́n, kò nílò òkè gíga kó tó já.

Bí epo bá dà, oru tó ń tú jáde lára rẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ ló ń fà tẹ̀ lé, ó ń wọ gọ́tà, títí yóò fi kan iná ẹni tó ń dín àkàrà tàbí ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tó jìnnà sí táńkà díẹ̀ lè rò pé òun ti bọ́, kí iná sì tọ gọ́tà lọ bá a. Ẹ sọ èyí fún àwọn ọmọ yín ní kíkún, kì í ṣe pé kí wọ́n sá nìkan: kí wọ́n gba apá òkè lọ, kí wọ́n kúrò lẹ́bàá gọ́tà.

Gbogbo èyí kì í ṣe awo. FRSC ní ètò tí wọ́n ń pè ní Safe-to-Load, pé kí wọ́n yẹ táńkà wò ní ibùdó epo kó tó gba epo, bíréèkì àti táyà rẹ̀ àti awakọ̀ fúnra rẹ̀. Bí àyẹ̀wò náà bá rí bó ṣe yẹ ní gbogbo ibùdó epo, ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ ti jẹ kò gbọdọ̀ dé ojú márosẹ̀ rárá.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ Felele ni ti onílẹ̀. Márosẹ̀ jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Pólì jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀. Táńkà jẹ́ ti oníṣòwò. Kẹ̀kẹ́ jẹ́ ti ẹni tó ń wá oúnjẹ òòjọ́. Níbi tí gbogbo wọn ti pàdé, ìyẹn ìwọ̀nba ilẹ̀ tó wà láàárín géètì iléèwé àti títì, kò sí ẹni tó gbà pé ojúṣe òun ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibẹ̀ ni ọmọ wa ń dúró sí láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà mélòó ló wà lọ́jà yìí?

Kì í ṣe Lọ́kọ́ja nìkan. Ẹ wo iye iléèwé ìjọba tí wọ́n kọ́ sétí márosẹ̀ káàkiri ilẹ̀ wa. Nígbà tí wọ́n ń wá ilẹ̀, ilẹ̀ tó fẹ̀ tí kò sì wọ́n ni wọ́n rí lẹ́yìn ìlú, ọ̀nà sì ti wà níbẹ̀, ó dà bí ìrọ̀rùn. Lẹ́yìn ogún ọdún, ìlú á ti dé ibẹ̀, ọjà á ti tò sẹ́nu géètì, ọkọ̀ á ti di ìlọ́po, géètì náà ò sì kúrò níbi tó wà.

Ohun tí ọ̀gá iléèwé lè ṣe láì dúró de Abuja kò kéré. Kí kẹ̀kẹ́ àti ọ̀kadà máa wọ inú ọgbà kí wọ́n tó já èrò sílẹ̀. Kí àwọn ìyá tó ń tajà létí títì rí àyè nínú ọgbà, kí ẹsẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lè tẹ̀ lé wọn wọlé. Kí géètì kejì wà tí kò kọjú sí márosẹ̀. Kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ fi èyí ṣe ìbéèrè àkọ́kọ́ fún ẹni tó bá ń du ipò lọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n tó bèèrè nípa ayẹyẹ. Kí òbí tó ń mú ọmọ lọ gba yàrá níta ọgbà bèèrè pé apá ibo títì ni ilé náà wà, nítorí ẹni tó ń gbé òdìkejì yóò máa dá márosẹ̀ kọjá títí yóò fi jáde.

Àjọ NMDPRA tó ń rí sí ọ̀rọ̀ epo kéde pé láti ọjọ́ 1, oṣù Kẹta, 2025, táńkà tó bá gbà ju lítà 60,000 lọ kò gbọdọ̀ ru epo mọ́. Mo kí wọn fún un. Ṣùgbọ́n táńkà tó gbé ìdajì ìyẹn, tí bíréèkì rẹ̀ ti jẹ, yóò ṣì gba iwájú Pólì kọjá láàárọ̀ ọ̀la, lásìkò tí àwọn ọmọ ń sọ̀ lórí kẹ̀kẹ́.