Ẹ̀rù àti Ẹrù

Ohùn nìkan ni ó ya ẹ̀rù sọ́tọ̀ kúrò lára ẹrù. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi ọ̀rọ̀ méjèèjì kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ní iṣẹ́ ohùn nínú èdè wa, n kò sì ronú kọjá ibẹ̀ títí di ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan wọ ọ́fíìsì mi. Eré ìje 100 mítà tí a ti ń fo ìdènà mẹ́wàá ni ó ń sá. Ó ní òun fẹ́ fi í sílẹ̀. Bí ìdíje bá ti ku ọ̀la, oúnjẹ kì í gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Bí wọ́n bá ti tò sórí ìlà, ọwọ́ rẹ̀ a máa gbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ní ibi ìgbáradì, kò sí ẹni tí ó ń bá a dé òpin.

Mo ṣe ohun tí àgbà máa ń ṣe. Mo ní kí ó ṣe ọkàn akin, mo sì fi kún un pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ó wo ilẹ̀, ó ní, “Ohun tí bàbá mi náà sọ nìyẹn, sà.”

Òwe ńlá ni òwe yẹn, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹnu jagunjagun ni ó ti bá a mu, ẹni tí ó ti jẹ oyè, tí ó sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ búra. Èmi gbé e lé ọmọ ọdún 19 lórí nítorí ìṣẹ́jú-àáyá 14.

Ǹjẹ́ ẹni tí àyà rẹ̀ ń já jẹ́ ojo bí? Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọdẹ tí ó bá ní ẹ̀rù kò ba òun rí nínú igbó, yálà ó ń parọ́ ni tàbí kò tíì pàdé ẹfọ̀n. Àyà tí ń lù kìkì, ẹnu tí ó gbẹ, àtẹ́lẹwọ́ tí ń làágùn: ara tí ń múra sílẹ̀ ni ìwọ̀nyí, ìyàwó ọ̀ṣìngín náà mọ̀ wọ́n. Ẹ̀rù nìkan kì í pa eléré. Ẹrù tí a dì lé e ni kí a yẹ̀ wò.

Ẹ wo Tóbi Amúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ipò kẹrin ni ó ṣe ní Doha ní 2019, ipò kẹrin náà ni ní ìdíje Òlíńpíìkì ti Tókíò ní 2021. Ní oṣù Keje 2022, ní Eugene, ní Amẹ́ríkà, ó sá a ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12, èyí tí obìnrin kankan kò sá rí kí ó tó dìgbà náà, ó sì gba wúrà lọ́jọ́ kan náà. Ní 2024, ní Paris, kò dé àṣekágbá. Ìsọ̀ onígbàjámọ̀ ni mo wà nígbà tí ìròyìn náà dé. Àwọn tí wọ́n ń pè é ní “ọmọ wa” tẹ́lẹ̀ ti ń pè é ní “ọmọbìnrin yẹn”. Ní 2025 ó gba fàdákà ní Tókíò. N kò padà lọ gbọ́ orúkọ tí wọ́n pè é.

Yorùbá ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọgbọ́n àgbà ni a máa ń rí nínú òwe yìí. Ṣùgbọ́n kí ni ọmọdé ń wò ní iwájú? Ẹni tí yóò gbé e dìde ni. Bí ó bá wá jẹ́ ojú tí ó ti le koko ni ó bá níbẹ̀ ńkọ́?

Ọmọbìnrin náà kò fi eré sílẹ̀. Kóòṣì rẹ̀ kọ́ ọ láti máa mí sóde díẹ̀díẹ̀, kí ó sì máa ka ẹsẹ̀ rẹ̀: mẹ́ta láàárín ìdènà kan sí èkejì. Nígbà tí ó padà wá, ó ní ọwọ́ òun ṣì ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n òun ti bẹ bàbá òun pé kí ó máa gbọ́ èsì nílé. Mo bi í bóyá èmi lè wá wòran. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n wá, ṣùgbọ́n kí n jókòó sí ibi tí òun kò ti ní rí mi.