NÍGBÀ TÍ GBOGBO RẸ̀ BÁ DÚDÚ

Bíbélì Kíkà: Jeremáyà 18:1-6

Ní ìlú Taranto, ní gúúsù Ítálì, àwọn Gíríìkì tó tẹ̀dó síbẹ̀ máa ń mọ jọ́ọ̀gì amọ̀ tí wọ́n fi ń bu wáìnì. (Kì í ṣe ìwàásù lórí ọtí la bá wá o, iṣẹ́ amọ̀kòkò ni kí o wò.) Àwọn tí wọ́n mọ ní nǹkan bí ọdún 350 ṣáájú ìbí Jésù ṣì wà dòní; inú ibojì ni wọ́n ti hú ọ̀pọ̀ wọn jáde. Àwòrán ènìyàn pupa ló wà lára wọn, àyíká rẹ̀ sì dúdú bí kóró iṣin.

O lè rò pé ọ̀dà pupa ni wọ́n fi ya ènìyàn náà. Rárá o! Amọ̀ ìkòkò náà gan-an ni. Àyíká ni amọ̀kòkò fi omi amọ̀ kíkúnná kùn. Ó fi ènìyàn náà sílẹ̀, ó kàn fa ìlà tín-ín-rín fún ojú àti aṣọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó di inú ìléru.

Ní àkọ́kọ́, afẹ́fẹ́ ń wọlé, ìkòkò pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Nígbà tí ooru bá ti ju 800 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, amọ̀kòkò á dí ihò afẹ́fẹ́, á ki igi tútù sínú iná, èéfín á gba inú ìléru kan. Olùfẹ́, ní wákàtí yẹn, gbogbo ìkòkò náà ló dúdú! Àwòrán kò sí mọ́. Ẹni tó bá yọjú wò ó á ní iṣẹ́ ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n amọ̀kòkò kò kúrò nídìí iná. Nígbà tó bá ṣí ihò náà padà, ibi tó kùn ti dì bíi dígí, dúdú rẹ̀ kò ní ṣí mọ́. Ibi tí kò kùn á padà pupa, ènìyàn náà á sì tún yọ.

Ẹnì kan ń ka ìwé yìí tó jẹ́ pé inú èéfín ló wà. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ tó ti gba owó oṣù gbẹ̀yìn, tàbí kí èsì àyẹ̀wò dókítà wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ tí kò tíì lè sọ fún ìyàwó. Mi ò sọ pé Ọlọ́run ló fa gbogbo èéfín. Òmíràn wà tó jẹ́ pé àwa fúnra wa la ki igi tútù náà, ìyẹn ń fẹ́ ìrònúpìwàdà. Ṣùgbọ́n ìkòkò tí Jeremáyà rí, bó ti bàjẹ́ tó, ọwọ́ amọ̀kòkò náà ló ṣì wà.

ÀDÚRÀ: Baba, èéfín tí mo fi ọwọ́ ara mi dá, dárí rẹ̀ jì mí. Èyí tí n kò mọ ìdí rẹ̀, mú mi dúró nínú rẹ̀ títí Ìwọ yóò fi ṣí ihò afẹ́fẹ́. Ní orúkọ Jésù. Àmín.